Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí ìtàn àwọn méyọ̀ ìlú òwú: fún ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìtàn (hístírì) ní yunifásítì, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń múra àtiwá ṣe másítàsì nílùú ọba, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn, ká ní ẹnìkan ti sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo dé ni, mi ò bá tí fi odidi oṣù mẹ́ta ṣòfò. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi ni kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn méyọ̀ àtijọ́, ìyẹn àwọn olórí káńsù ìlú, láwọn ìlú tí ilé iṣẹ́ òwú pọ̀ sí tó yí Manchester ká nílẹ̀ England, Bolton, Oldham, Rochdale, Stalybridge, ojú ewé kan péré fún ẹnìkọ̀ọ̀kan. Mo ní ṣebí ká wo fọ́tò, ká ka ìròyìn ikú wọn nínú ìwé ìròyìn, ká kọ ọ́, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí déètì torí òun ló kọ́kọ́ ṣe mí léṣe. Lábẹ́ òfin ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ṣe ní 1835, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Nofẹ́ńbà ni wọ́n máa ń yan méyọ̀ tuntun lọ́dọọdún, torí náà sáà ẹnìkan máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dún kan, á sì parí lọ́dún kejì. Tẹ́ ẹ bá kàn kọ "méyọ̀ 1861", èèyàn méjì ló lè jókòó sórí àga yẹn lọ́dún náà, èwo lẹ ń wí? Ẹ máa kọ ọ́ ní 1861–62. Èmi ò mọ̀, mo wá rí orúkọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, bí ogún ọdún ló wà láàárín wọn, mo so wọ́n pọ̀ di ẹnìkan ṣoṣo, àṣé bàbá àti ọmọ ni, orúkọ kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ́. Ìwé mínítì káńsù, níbi tí wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n bá sọ nípàdé sí, ló tú àṣírí ẹ̀. Ìwé ńlá ni, ó wúwo débi pé orí ìrọ̀rí ni wọ́n gbé e lé kí ẹ̀yìn ẹ̀ má baà já, mo ń ṣí i ní ewé kọ̀ọ̀kan títí mo fi dé ibi tí bàbá fọwọ́ sí, lẹ́tà tó gbẹ̀yìn orúkọ ẹ̀ ní ìrù kan tó ká wálẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, ti ọmọ sì lọ gbọọrọ, kò nírù. Mo sáré padà sídìí ìwé ètò ìkànìyàn tí wọ́n máa ń ṣe lọ́dún mẹ́wàá mẹ́wàá, 1851, 1861, 1871, ibẹ̀ ni ọjọ́ orí àwọn méjèèjì ti hàn sí mi kedere. Gbogbo ohun tí mo ti kọ ni mo pa rẹ́, mo tún un kọ.

Ẹ má sì gbára lé lísìtì orúkọ o. Josiah Radcliffe jẹ méyọ̀ ní Oldham, tó bá jẹ́ lísìtì nìkan lẹ wò, orúkọ àti ọdún lẹ máa rí, ẹ ó sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ní oṣù Ògọ́ọ̀sì 1857, òun àti James Platt, aṣòfin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yàn fún Oldham, jọ lọ ṣọdẹ ẹyẹ lórí òkè Saddleworth, ìbọn Radcliffe ṣèèṣì yìn, ó ba Platt, ó sì gba ẹ̀mí ẹ̀. James yìí, àbúrò John Platt ni, ẹni tóun náà ti jẹ méyọ̀ Oldham ṣáájú, tí ilé iṣẹ́ wọn, Platt Brothers, ń ṣe ẹ̀rọ ìrànwú tí wọ́n ń kó káàkiri ayé. Lọ́jọ́ tí mo ka ìtàn yẹn, mi ò lè kọ nǹkan kan mọ́, mo kàn pa ìwé dé. Bí Radcliffe àti John Platt ṣe wá jọ jókòó nínú ìlú kan náà lẹ́yìn ẹ̀, Ọlọ́run ló mọ̀.

Nígbà tó yá mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi pé kí ló dé tó jẹ́ olówó ni gbogbo wọn, ẹni tí ò ní ilé iṣẹ́ òwú á ní ilé iṣẹ́ irin. Inú òfin 1835 yẹn náà ni ìdáhùn wà. Láwọn ìlú tó tóbi, ẹni tó bá fẹ́ di káńsílọ̀ gbọ́dọ̀ ní dúkìá tó tó £1,000, tàbí kí ilé tó ń sanwó lé lórí fún ìlú tó £30 lọ́dún, kí wọ́n tó lè ka orúkọ ẹ̀ mọ́ ẹni tó lè jẹ méyọ̀. Ẹni tó ń dúró ti ẹ̀rọ ìhunṣọ láti ìdájí, níbo ló ti fẹ́ rí i? Ọdún 1880 ni wọ́n tó fagi lé e.

Ti àwọn obìnrin wá le ju ìyẹn lọ, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́ pé kéèyàn máa fi òfin sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò. Sarah Lees, opó ni, olówó ni, ó wọ káńsù Oldham ní 1907, ọdún yẹn gan-an ni òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà fún obìnrin. Ní 1910 wọ́n fi í jẹ méyọ̀, òun sì ni obìnrin kejì tó máa jẹ ẹ́ ní gbogbo England, lẹ́yìn Elizabeth Garrett Anderson tó jẹ tiẹ̀ ní Aldeburgh ní 1908. Tẹ́ ẹ bá rí i nínú fọ́tò pẹ̀lú ṣéènì oyè méyọ̀ lọ́rùn, ẹ máa ní ó ti dé ibi gíga jù. Ẹ wá ka òfin 1907 yẹn dópin. Ọkùnrin tó bá jẹ méyọ̀ ti di adájọ́ kóòtù ìlú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sínú òfin pé tó bá jẹ́ obìnrin, kò kàn án. Kò sì lè dìbò yan aṣòfin, méyọ̀ odindi ìlú o! Abájọ tóun àti ọmọ ẹ̀, Marjory, fi wà nínú ìjà ẹ̀tọ́ ìbò. Ọdún 1919 ni òfin tó ní kí obìnrin má ṣe adájọ́ yẹn tó yí padà, ní ọjọ́ 31 oṣù Disẹ́ńbà ọdún yẹn sì ni Ada Summers, méyọ̀ Stalybridge, jókòó bí adájọ́, obìnrin àkọ́kọ́ ní gbogbo Britain.

Èyí tó wá wọ̀ mí lára jù ni ti Bolton. William Lever, tó di Lord Leverhulme, Bolton ni wọ́n bí i sí ní 1851, bàbá ẹ̀ ń ta oúnjẹ. Òun ló ni ọṣẹ Sunlight. Ní oṣù Nofẹ́ńbà 1918, oṣù tí ogun àgbáyé parí, Bolton fi í jẹ méyọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe káńsílọ̀, wọ́n kàn fẹ́ dá ọmọ wọn lọ́lá ni. Ó ti ra Hall i' th' Wood, ilé tí Samuel Crompton ti ṣe ẹ̀rọ ìrànwú tí wọ́n ń pè ní mule ní 1779, ó sì fi ta ìlú lọ́rẹ, ó fún wọn ní Lever Park ní Rivington, ó náwó sórí Bolton School. Mo kọ gbogbo ẹ̀ tán, ojú ewé kan kún, inú mi dùn.

Lọ́jọ́ Sunday mo pe ìyá mi àgbà nílé, mo ń sọ fún wọn pé mo ń kọ ìtàn ẹni tó ni ọṣẹ Sunlight. Wọ́n ní, "Epo wo ló fi ń sè é?" Ìbéèrè wọn ò ju ìyẹn lọ. Ẹ rántí pé àwọn wọ̀nyí ti fi òkúta pa ekùrọ́ láti kékeré, wọ́n ti yọ àdín, wọ́n ti se ọṣẹ dúdú, wọ́n mọ̀ pé kò sí ọṣẹ tí ò lépo nídìí. Èmi tí mo ti lo oṣù bíi mélòó lórí ọkùnrin yìí, mi ò bi ara mi rí.

Ni mo bá padà lọ. Epo pupa àti ekùrọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà nídìí ọrọ̀ yẹn dáadáa. Lever bẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì títí pé kí wọ́n fún òun nílẹ̀ ní Nàìjíríà kóun fi ṣe oko ọ̀pẹ ńlá, wọn ò gbà. Ní 1911 ìjọba Belgium fún un ní tiẹ̀ ní Congo, àwọn òpìtàn sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n fi tipátipá mú àwọn èèyàn ibẹ̀ gun ọ̀pẹ, kí wọ́n máa gé eyìn fún ilé iṣẹ́ ẹ̀. Nígbà tó di Jánúárì 1920, bí oṣù méjì lẹ́yìn tó bọ́ ṣéènì méyọ̀ lọ́rùn, ilé iṣẹ́ ẹ̀ ra Niger Company ní owó tó lé ní mílíọ̀nù £8. Ó kú ní 1925. Niger Company yẹn ló wọnú UAC (United Africa Company) ní 1929, UAC tó ni ilé ìtajà ńlá Kingsway tí àwọn òbí wa ń ròyìn ẹ̀ fún wa.

N ò ní kẹ́ ẹ pa oore tó ṣe fún Bolton rẹ́ o, àwọn èèyàn ṣì ń kó ọmọ wọn lọ ṣeré ní Lever Park dòní, òótọ́ ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé Congo náà gbọ́dọ̀ wà lójú ewé kan náà, kó má jẹ́ pé ìlú tó gba ẹ̀bùn nìkan ló máa sọ̀rọ̀. Bí mo ṣe ṣe é ni pé mo gé àwọn ẹ̀bùn wọ̀nyẹn kù sí ìlà mẹ́ta, mo fi àyè tó kù sílẹ̀ fún epo. Súpáfáísọ̀ mi kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ̀rọ̀, ó ní kí n padà sídìí àwọn méyọ̀ yòókù kí n lọ wo ibi tí òwú wọn ti wá.

Mo túmọ̀ apá ti epo yẹn fún ìyá àgbà lórí fóònù. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní kí n bá àwọn wádìí iye tí wọ́n ń ra kóńgò ekùrọ́ kan lọ́wọ́ àwọn ìyá tiwọn. Ìwé ìṣirò owó àwọn oníṣòwò ayé ìgbà yẹn ni mo wà nídìí ẹ̀ báyìí.