Ẹ Ka Àmì Ara Kílárínẹ́ẹ̀tì Kí Ẹ Tó Bá Ọmọ Wí

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń fọn kílárínẹ́ẹ̀tì ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. Láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú yín tú àpótí tòkunbọ̀ kan, ó rí òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ nínú rẹ̀, ó ní wáṣà ni, ó sì sọ ọ́ nù. Kì í ṣe wáṣà o. Tí a bá fa barrel, ìyẹn apá kúkúrú tó wà láàárín ibi tí a ń fẹnu sí àti apá òkè, síta kí ohùn lè wálẹ̀, àyè kan máa ń ṣí sílẹ̀ nínú. Òrùka yẹn la fi ń dí i.

Ẹ ti mọ mouthpiece tí a ń fẹnu sí, ẹ mọ reed tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbọ̀n lára rẹ̀, n kò ní tún ìyẹn sọ. Ohun tí ẹ kì í kọbi ara sí ni kí ẹ gbọ́.

Àkọ́kọ́, ẹ máa wọn barrel. Ti kílárínẹ́ẹ̀tì B-flat, èyí tó wọ́pọ̀ jù, sábà máa ń wà láàárín mílímítà 64 sí 67.

Ìkejì, kílárínẹ́ẹ̀tì A gùn ju B-flat lọ. Ẹ ṣọ́ra kí oníṣòwò má baà kó apá méjì tí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà sínú àpótí kan fún yín.

Ìkẹta, ẹ ka àmì. Èyí gan-an ló ń dùn mí.

Ṣọ́ọ̀ṣì kan nílùú wa ra kílárínẹ́ẹ̀tì àtijọ́ fún báǹdì wọn, wọ́n sì gbé e fún ọmọdékùnrin kan tó létí orin gidi. Gbogbo ìgbà tó bá fọn ọ́n, ohùn rẹ̀ a ga ju ti dùùrù lọ. Ọ̀gá báǹdì ní etí ọmọ náà ni kò dáa, ó sì ń bá a wí níṣojú gbogbo ẹgbẹ́ akọrin. Wọ́n fa barrel síta, àwọn ohùn àárín wálẹ̀ jù, àwọn ti ìsàlẹ̀ ṣì ga. Wọ́n ra barrel tó gùn, pàbó ló já sí. Ọmọ náà gbé e sílẹ̀, kò sì padà wá mọ́.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo fi aṣọ nu ìdọ̀tí ẹ̀yìn apá òkè, lẹ́tà kékeré méjì sì yọjú: HP. High Pitch ni, ìyẹn ohùn gíga. Àwọn báǹdì ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ ń gbé ohùn A, tí a fi ń mú ohùn gbogbo irin orin bára mu, lé nǹkan bí ìgbà 452 tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan. 440 ni ìpàdé Lọ́ńdọ̀nù ti 1939 fẹnu kò sí, òun náà sì ni dùùrù wa ń lò. Wọ́n ti gbẹ́ àwọn ihò ara igi yẹn súnmọ́ra, kò sì sí barrel tó lè sún ihò kúrò níbi tó wà.

Mo sọ fún ọ̀gá báǹdì. Ó ní ọ̀rọ̀ ti kọjá. Lójú tèmi, kò kọjá! Wọn ò ránṣẹ́ pe ọmọ náà, wọn ò bẹ̀ ẹ́. Ta ni yóò dá etí tí wọ́n bà jẹ́ lójú ìjọ padà fún un? Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ lórin, ẹ yẹ irin iṣẹ́ wò kí ẹ tó yẹ ọmọ wò.

LP, ìyẹn Low Pitch, ohùn tó wálẹ̀ tó bá dùùrù wa mu, ni kí ẹ máa wá. Tí ẹ kò bá rí àmì kankan, ẹ ṣí tuner orí fóònù, èyí tó ń fi hàn bóyá ohùn ga jù tàbí ó wálẹ̀ jù, kí ẹ fọn ohùn ìsàlẹ̀ àti ti àárín níwájú ẹni tó ń tà á, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.