Ibi tí mo ń fò kọjá ni adùn rẹ̀ wà

Magasíìnì ìtàn aláwòrán ti Japan kan wà tó ń jẹ́ Galette. Ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo rà, ìtàn kan ṣoṣo ni mo kà nínú rẹ̀. Saitama ní Japan ni mo ń gbé nígbà náà, tí mò ń kọ́ àwọn ọmọdé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ ayàwòrán Morinaga Milk kì í ṣe tuntun sí mi, torí máńgà rẹ̀, ìyẹn ìtàn aláwòrán, wà lára ohun tí mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka èdè Japan. Bí mo ṣe rí orúkọ rẹ̀ lára magasíìnì yẹn, mo rà á, mo wá ìtàn tirẹ̀ kàn, mo kà á tán kí omi tó hó lórí iná, mo pa fóònù dé. Nígbà tí ẹ̀dà tó tẹ̀ lé e jáde, bákan náà ni mo tún ṣe. Mo dà bí ẹni tó ra odidi ìkòkò ọbẹ̀, tó ṣa ẹran inú rẹ̀ jẹ, tó gbé ìyókù sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí ó fi kan.

Ó ti tó ẹni mẹ́ta tó ti bi mí pé tí àwọn bá fẹ́ ka irú magasíìnì báyìí, níbo ni kí àwọn ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí mo ti ṣì í ni mo lè fi han èèyàn dáadáa.

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n rí: òdòdó lílì ni yuri ní èdè Japan, ìtàn ìfẹ́ obìnrin sí obìnrin ni wọ́n sì ń pè bẹ́ẹ̀. Itō Bungaku, olóòtú magasíìnì kan fún àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, tó ń jẹ́ Barazoku, ìyẹn ẹ̀yà róòsì, ló pe àwọn obìnrin tó ń ka ìwé rẹ̀ ní ẹ̀yà lílì ní ọdún 1976. Lílì wá lẹ̀ mọ́ ọn títí dòní. Àwọn kan máa ń rò pé ìhòòhò ló kún inú rẹ̀. Bóyá wọn ò tíì kà á ni, torí mo ti rí èyí tí ẹnì kan fi odidi ojú ìwé mẹ́rin wo ọwọ́ ẹnì kejì lórí tábìlì, tí kò sì fọwọ́ kàn án.

Magasíìnì tó wà fún yuri nìkan kì í sábà pẹ́ láyé. Yuri Shimai bẹ̀rẹ̀ ní 2003, ẹ̀dà márùn-ún péré ló ṣe. Comic Yuri Hime dé ní 2005, òun ló rí ọjọ́ pẹ́. Tsubomi bẹ̀rẹ̀ ní 2009, ó parí ní 2012. Hirari bẹ̀rẹ̀ ní 2010, ó parí ní 2014. Tí magasíìnì bá kú báyìí, ẹni tí ìtàn rẹ̀ kò tíì parí dà bí èrò tí ọkọ̀ já sílẹ̀ láàárín igbó: ọkọ̀ mìíràn lè gbé e, ó sì lè sùn síbẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2017 ni Morinaga Milk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Hakamada Mera, Amano Shuninta, Takemiya Jin àti àwọn mìíràn, gbé Galette jáde fúnra wọn, láìsí ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé ńlá kankan lẹ́yìn wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún ni wọ́n ṣètò rẹ̀ láti máa jáde. Ẹni tó bá ya ìtàn ló ni ìtàn rẹ̀. Òǹkàwé tó bá sì fẹ́ lè máa dá owó díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù láti gbé e ró, yàtọ̀ sí owó tó fi ń ra ẹ̀dà. (Galette ni oúnjẹ pẹrẹsẹ kan tí àwọn ará Faransé máa ń ṣe. Ebi ló máa ń pa mí tí mo bá rí orúkọ yẹn.)

Gbogbo èyí ni mo mọ̀, síbẹ̀ mo ṣì ń fo ìtàn àwọn yòókù. Ẹni tó là mí lójú kò ka máńgà rí láyé rẹ̀. Màmá Táyé ni, ará Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, tí a jọ ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Sunday. Ó bi mí pé kí ni mo tẹjú mọ́ nínú fóònù láti àárọ̀.

Mo ní, "Ìwé ni mo rà, mà. Àwọn ayàwòrán ló kóra jọ ṣe é. Àwọn tó ti lórúkọ wà níbẹ̀, àwọn tí kò tíì lórúkọ náà wà níbẹ̀. Àmọ́ ti ẹnì kan péré ni mo máa ń kà."

Ó wo ojú fèrèsé fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Àáró ni wọ́n ń ṣe nìyẹn. Ìwọ wá dé, oko ẹnì kan lo ń yà sí."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Orúkọ ńlá tó fà mí wọlé, ara ìdí tó fi wà níbẹ̀ ni kí n lè rí àwọn tí n kò mọ̀. Ní magasíìnì ilé-iṣẹ́ ńlá, tí o kò bá ka ìtàn kan, olóòtú ni yóò bá ẹni tó kọ ọ́ sọ̀rọ̀. Níbí, kò sí ọ̀gá kan tó ń gba ọfà náà sára. Àwọn ni wọ́n ń pe ara wọn jọ, àwọn ni wọ́n ń tà á.

Nítorí náà mo padà sórí àwọn ẹ̀dà tó ti wà nílẹ̀. Ọ̀nà tó bá mi mu ni kí n kọ́kọ́ ṣí ojú ìwé tí wọ́n ń pè ní mokuji, níbi tí wọ́n to gbogbo ìtàn sí, kí n wá èyí tí wọ́n bá kọ yomikiri sí lára. Yomikiri ni ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ tó sì parí sójú kan. Ìtàn tó ń tẹ̀ síwájú láti ẹ̀dà dé ẹ̀dà yóò da èèyàn lójú rú tó bá já lu àárín rẹ̀, ṣùgbọ́n yomikiri kò ní wàhálà. Ẹ̀dà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ kọ́kọ́ ka èyí àkọ́kọ́ títí dé ìparí. Ẹni tó bá ní òun máa tẹ̀lé e bẹ́ẹ̀, kò ní dé ìdajì tí yóò fi sú u.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dùn o. Ìtàn àwọn ọmọ ilé-ìwé tó gun orí òrùlé lọ jẹ́wọ́ fún ara wọn nígbà tí oòrùn ń wọ̀, mo ti ka irú rẹ̀ kọjá iye. Èyí tó mú mi ni ti àwọn obìnrin tó ti dàgbà, tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin alẹ́, tó ń ronú owó ilé, tó ń ronú ohun tí wọn yóò sọ fún ìyá wọn. Nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni mo ti rí nǹkan kejì tí mo máa ń fò, òun ló sì dùn mí jù.

Orúkọ ni. Tí mo bá ń kà á, ojú mi máa ń sáré kọjá orúkọ tí wọ́n ń pe ara wọn lọ síbi ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ. Èmi! Ọmọ Yorùbá, tí wọ́n ti gbá létí rí nítorí pé mo sọ "o" fún àbúrò bàbá mi. Ẹ jẹ́ ká ní obìnrin méjì jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan, Satō àti Yamada. Orúkọ ìdílé ni wọ́n ń pe ara wọn, wọ́n sì ń fi san, ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀, sí i lẹ́yìn. Èyí tó kéré nínú wọn lè máa pe èkejì ní senpai, ìyẹn ẹni tó ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ wọn ni yóò máa parí sí desu àti masu, bí ìgbà tí àwa bá ń fi "ẹ" báni sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó lè jẹ́ ní ìdúró ọkọ̀, ó lè jẹ́ pé òjò ń rọ̀, ọ̀kan pe èkejì ní orúkọ àbísọ rẹ̀, kò fi san sí i. Kò sí ìfẹnukonu, kò sí omijé. Ìtàn ti yí padà pátápátá, ẹni tó bá fo ọ̀rọ̀ kan yẹn yóò máa bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ló dé tí ojú ìyá yìí fi pọ́n.

Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí i sí Yorùbá lọ́kàn mi ló tó yé mi. Mo dẹ́kun yíyí i sí Gẹ̀ẹ́sì, torí Gẹ̀ẹ́sì kò ní "ẹ" àti "o". Tí Yamada bá ń sọ masu, èmi a gbọ́ "ṣé ẹ ti jẹun?" Tó bá ju masu sílẹ̀, èmi a gbọ́ "ṣé o ti jẹun?" Àyà mi a já. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, kí ẹni tó ti ń pè yín ní Àǹtí láti ọdún kẹta ṣàdédé la orúkọ yín mọ́lẹ̀ lórí fóònù. Ẹ ó kọ́kọ́ bínú ni, àbí ẹ ó rẹ́rìn-ín? Orí ìbéèrè yẹn ni ọ̀pọ̀ ìtàn yuri jókòó sí.

Ọ̀rọ̀ suki náà ń bẹ níbẹ̀. Èèyàn lè fẹ́ràn ẹ̀fọ́ rírò, kó suki rẹ̀. Ó lè fẹ́ràn ọ̀rẹ́ rẹ̀, kó suki rẹ̀. Bí "mo fẹ́ràn" tiwa ló rí. Ọ̀kan sọ ọ́, èkejì gbà á sí ti ọ̀rẹ́, oṣù mẹ́ta gbáko ni a ó fi dúró ká tó mọ ibi tó máa já sí. Tí wọ́n bá tilẹ̀ wá sọ aishiteru, ìyẹn "mo nífẹ̀ẹ́ rẹ", ọ̀rọ̀ ti dé ojú ẹ̀, torí wọn kì í sọ ọ́ lásán.

Nígbà tí mo padà sí Ìbàdàn, káàdì náírà mi kọ̀ láti ra ohunkóhun lókè òkun. Mo bẹ báǹkì mi títí, wọ́n ní kí n máa ṣe sùúrù. Mo fi sùúrù náà ṣe ohun tí kò dáa: mo lọ ń ka máńgà tí àwọn kan jí yà tí wọ́n sì túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ìtàn yuri kan wà níbẹ̀, kì í ṣe ti Galette pàápàá, tí mo kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin tí n kò rí ìdí tí ọ̀kan fi ń sunkún. Ìgbà tí mo padà rí èyí tí wọ́n kọ ní èdè Japan ni mo tó mọ̀ pé ó ti pe èkejì ní orúkọ àbísọ rẹ̀ ní ojú ìwé kan. Ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ ti fi orúkọ àbísọ pe gbogbo wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo jí oúnjẹ, iyọ̀ ò sí níbẹ̀. Owó tí n kò san ńkọ́? Ìwé tí àwọn tó ń ṣe é fi owó òǹkàwé gbé ró, ó di dandan kí ẹnì kan san án, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mò ń jí tàwọn ẹlòmíràn kà.

Màmá Táyé náà ló tún gbà mí. Àkáǹtì Amazon ti Japan tí mo ṣí nígbà tí mo wà ní Saitama ṣì wà lọ́wọ́ mi, òun sì máa ń wọ ilé ìtajà tó wà lẹ́bàá ilé rẹ̀ lọ ra káàdì ẹ̀bùn ti 3,000 yẹ́ẹ̀nì, yóò ya kóòdù rẹ̀ ní fọ́tò, yóò fi ránṣẹ́ sí mi. Èmi a san náírà fún ìyá rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ kó rántí pé àkáǹtì ti Japan yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà tàbí ti Ìlú Ọba. N kò rántí lọ́jọ́ kan, mo yọ àkáǹtì kan kúrò lórí Kindle, áàpù Amazon tí mo fi ń ka ìwé nínú fóònù mi, kí n lè fi èkejì síbẹ̀, gbogbo ìwé tí mo ti gbà sílẹ̀ sì pòórá. Àtúngbà wọn jẹ dátà mi fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Àwòrán ni ojú ìwé máńgà, nítorí náà ẹ kò lè fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ kí ìwé atúmọ̀ ṣí fúnra rẹ̀. Èmi a fi ọwọ́ ya kànjì náà, ìyẹn lẹ́tà tí àwọn ará Japan yá lọ́wọ́ àwọn ará Ṣáínà, sínú áàpù ìwé atúmọ̀ lórí fóònù kejì. Lẹ́tà wẹ́wẹ́ tí ayàwòrán fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sí ẹ̀gbẹ́ ojú èèyàn ló máa ń le jù, ibẹ̀ ni wọ́n sì máa ń tọ́jú àwàdà sí. Mo ní jọ́tà kan tí mo ń kọ orúkọ àwọn èèyàn inú ìtàn kọ̀ọ̀kan sí, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn ní ẹ̀dà tó kọjá, torí oṣù mẹ́ta tó láti gbàgbé ẹni tó ń bá ta jà. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ti ń ka ojú ìwé. Ọmọ kékeré kan tó jókòó tì mí nínú Micra ní Mọ́kọ́lá wo fóònù mi títí, ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yìn lẹ ti bẹ̀rẹ̀." Ìyá rẹ̀ náà na ọrùn wá wò ó. Ojú ìwé tó ṣí kò ní wàhálà nínú, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ilé ni mo ti ń kà á. Láti oṣù kìíní ọdún 2014 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà lórí ọ̀rọ̀ irú ìfẹ́ báyìí, n kò sì lágbára àlàyé fún èrò inú Micra.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, kóòdù mìíràn wọlé láti ọ̀dọ̀ Màmá Táyé. Ó fi ohùn ránṣẹ́ tẹ̀ lé e, mo ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ ojú irin lẹ́yìn rẹ̀: "Oko ta lo wà báyìí?" Mo fèsì pé mi ò tíì mọ̀, mà, kànjì orúkọ ẹni tó ni oko ni mo ṣì ń wá.