Ọdún tí mo fi dúdú-òun-funfun nìkan ya fọ́tò

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún o ẹ̀yin tèmi. Látoṣù January mi ò fi fíìmù kálà kankan sínú kámẹ́rà mi, dúdú-òun-funfun nìkan ni, mo sì fẹ́ sọ ìdí tí mi ò fi ní yí padà.

Ìdí àkọ́kọ́ ni irun, òun ni mo yà jù. Ṣùkú, kòlẹ́sẹ̀, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, irun tí wọ́n fi òwú kó, ọ̀dọ̀ àwọn onídìrí ní Mọ́kọ́lá níbí ni mo ti ń yà á, ẹ̀yìn orí ló sì máa ń wù mí jù. Bàbá J.D. 'Okhai Ojeikere, fótògíráfà, ló kó mi síṣẹ́ yìí, ọmọ Ẹ̀dó ni wọ́n, ìlú Ìbàdàn yìí kan náà ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ dákúrúùmù, yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò, fún ìjọba lọ́dún 1954, nígbà tó di 1968 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun obìnrin, wọ́n yà á títí ó fi ń lọ sí bí ẹgbẹ̀rún kan. Ká ní kálà ni, aṣọ àti yẹtí lojú ẹ máa kọ́kọ́ lọ bá. Àmọ́ báyìí irun gan-an lẹ máa rí, bí òwú ṣe yí i po, bí ojú ìlà ṣe mọ́, bí ìpara ṣe ń dán lórí awọ orí. Iṣẹ́ ọwọ́ onídìrí ló wá di gbogbo ọ̀rọ̀ inú fọ́tò yẹn, ó sì tọ́ sí wọn!

Ìdí kejì ni pé èmi fúnra mi ni mò ń fọ fíìmù mi ní kíṣìnì. Kẹ́míkà kálà gbọ́dọ̀ wà ní bíi 38 digíríì, tó bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí àwọ̀ ti yí nìyẹn. HP5 tèmi, fíìmù dúdú-òun-funfun tí mo ń lò, nínú kẹ́míkà D-76, 20 digíríì, ìṣẹ́jú méje ààbọ̀. Omi ilé wa máa ń gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí náà mo máa ń ra áìsì bùlọ́ọ̀kù, mo fọ́ ọ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo gbé ìgò kẹ́míkà sáàárín ẹ̀, mo wá ń fi tẹmọ́mítà wò ó títí á fi tutù débi tí mo fẹ́. Kódà bí NEPA mú iná lọ iṣẹ́ ò dúró, ìgbà tí mo bá ń kó fíìmù sínú táńkì kékeré tí mo fi ń fọ̀ ọ́ nìkan ni mo nílò òkùnkùn biribiri. (Iná pupa tẹ́ ẹ máa ń rí nínú sinimá, ti pépà tí wọ́n ń tẹ fọ́tò sí nìyẹn o, ẹ má tan án sí HP5, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ máa ba fíìmù náà jẹ́.) Ohun tó ṣẹ́ kù sórí fíìmù lẹ́yìn tí mo bá fọ̀ ọ́ tán, fàdákà ni, fàdákà gidi, ìyẹn ló fi máa ń pẹ́. Ẹ wo fọ́tò kálà àtijọ́ nínú álíbọ́ọ̀mù ilé yín, púpọ̀ nínú wọn ti pọ́n, tàwọn ìyá àgbà tó jẹ́ dúdú-òun-funfun ṣì wà kedere.

Ohun tó kù fún mi lọ́dún tó ń bọ̀ ni kí n máa tẹ̀ ẹ́ sórí pépà fúnra mi. Ọ̀rọ̀ àwọn fótògíráfà ilẹ̀ wa ló ń wù mí, irú tÌlá Ọ̀ràngún láyé àwọn 1970, tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú tí wọn ò tíì ya fọ́tò àwọn méjèèjì, wọ́n á ya èyí tó wà láyé, wọ́n á tẹ nẹ́gẹ́tíìfù kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan, Táíwò àti Kẹ́hìndé á sì jókòó ti ara wọn. Mo fẹ́ mọ iṣẹ́ yẹn dójú àmì. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ilé fọ́tò àtijọ́ kan n'Íbàdàn tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sọ fọ́tò di ńlá ṣì wà níbẹ̀ tí wọn ò lò ó mọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kàn sí mi, màá wá rà á.