Màmá ní báǹkì "ń gbìyànjú", máàkì mélòó nìyẹn?

Àbúrò mi tó ń ṣe pírójẹ́ẹ̀tì ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, ló fà mí wọ ọ̀rọ̀ yìí o. Ó fẹ́ mọ ojú tí àwọn ará abúlé tó yí Abẹ́òkúta ká fi ń wo iṣẹ́ báǹkì aládàáni, ló bá gbé fọ́ọ̀mù SERVQUAL jáde, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń wọn bí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún oníbàárà ṣe dára sí, èyí tí àwọn olùwádìí Parasuraman, Zeithaml àti Berry gbé síta ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1988. Ìbéèrè 22 ni: bí ibẹ̀ ṣe rí lójú, ṣé wọ́n ń mú ìlérí ṣẹ, ṣé wọ́n tètè ń dáni lóhùn, ṣé ọkàn ẹni balẹ̀ sí wọn, ṣé wọ́n ń ro tẹni. Wàá bi èèyàn ní ohun tó ń retí, wàá tún bi í ní ohun tó rí, wàá fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 1 dé 7, wàá wá yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti ìkejì.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ò retí nǹkan kan ńkọ́? Màmá kan tó ń yan gààrí ní abúlé kan lẹ́yìn Òṣíẹ̀lẹ̀ ní "wọ́n ń gbìyànjú, ọmọ mi", àbúrò mi kọ 6 nínú 7. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ wá dùn mọ́ wa lẹ́nu ni màmá sọ pé wọ́n yọ owó òun, ẹni tóun fi ránṣẹ́ sí ò rí àláàtì, òun wọkọ̀ lọ Òkè-Ìléwó, wọ́n ní kóun lọ máa bọ̀, òun tún lọ, nígbà tóun rí i pé owó ọkọ̀ ti fẹ́ ju owó náà lọ òun bá fi í sílẹ̀. Báǹkì yẹn náà ló ń gbìyànjú o!

Àwọn olùwádìí míì, Cronin àti Taylor, ti sọ ọ́ láti 1992 pé ká pa ti ìretí tì, ká bèèrè ohun téèyàn rí nìkan. Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ kò tíì tó, torí àgbàlagbà ò ní bú báǹkì lójú àlejò tó gbé bírò dání, ó lè rò pé báǹkì ló rán yín. Èyí tó ṣiṣẹ́ fún wa ni ẹ̀kúrọ́ méje dípò máàkì, a ní kí wọ́n ṣa iye tó bá wù wọ́n fún báǹkì sílẹ̀, ọwọ́ wọn ò purọ́ tó ẹnu.

Ti bí ilé báǹkì ṣe rí, gbogbo wọn ló ṣa méje, éésì tutù, táì wà lọ́rùn, kí ló kù. Àmọ́ báǹkì tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́ ni ọmọ POS abẹ́ agboòrùn, tó mọ orúkọ ìyá wọn, tó ń ní "ẹ mú u lọ ná". CBN, báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ti fàyè gba irú aṣojú báǹkì bẹ́ẹ̀ láti 2013, fọ́ọ̀mù ò sì yà wọ́n sọ́tọ̀, báǹkì ló ń gba ìyìn ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ sì rántí ìbẹ̀rẹ̀ 2023 tí náírà tuntun wọ́n bí ojú, POS ni wọ́n bú nígbà yẹn.

Tó bá jẹ́ èmi ni, ohun tí mo máa bèèrè ni pé: èló lẹ fi wọkọ̀ lọ? Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ padà lọ? Owó tí wọ́n yọ, ṣé ó padà wá?

Súpáfáísọ̀ àbúrò mi ní ìbéèrè 22 ò gbọdọ̀ dín, àmọ́ ó gbà kí mẹ́ta yẹn wà lẹ́yìn ìwé.