Àyẹ̀wò ọdún: píọ̀ wọ́tà 6 àti òṣèré tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS

Ọyẹ́ ti ń la èèyàn létè n'Íbàdàn, ọdún sì ti fẹ́ tán. Àwa tí a ń tọ́jú òṣèré ní lokéṣọ̀n náà ti jókòó ti ìṣírò wa. Kì í ṣe ìṣírò owó. Ohun tó ń gbé òṣèré tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS dúró níwájú kámẹ́rà là ń kà, àti ohun tó ń dá a dùbúlẹ̀. Fòníkú-fọ̀ladìde làwọn èèyàn ń pe àìsàn náà. Orúkọ yẹn ò dùn mọ́ wa nínú rárá. Ẹni tí wọ́n ń fi pè kò fẹ́ kú lónìí, iṣẹ́ ló fẹ́ ṣe lọ́la.

Omi ló gba ojú ewé tó pọ̀ jù. Nǹkan bíi lítà 3 lójúmọ́ ni ká fojú sùn fún àgbàlagbà. Píọ̀ wọ́tà 6 nìyẹn, torí 50cl ni píọ̀ kan. Bí omi bá dín lára, sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó rí roboto á tẹ̀ bíi dòjé, á sì há sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tín-ín-rín. Ibi tó bá há sí ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀: ìbàdí, ẹ̀yìn, egungun ẹsẹ̀. Èyí yé àwọn olùdarí tí a bá ti ṣàlàyé ẹ̀. Ibi tí wọn kì í rò dé ni ibi tí èèyàn máa tọ̀ sí. Kíndìnrín ẹni SS kì í lè dá omi dúró dáadáa, nítorí náà á máa tọ̀ lemọ́lemọ́. Ẹ wá gbé obìnrin lọ sínú oko kan lẹ́yìn Mọníyà, kò sí ṣáláńgá, ọkùnrin 15 sì dúró yí ká. Kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Á kàn ṣíwọ́ omi mímu láti àárọ̀ ni. Tó bá fi máa dọwọ́ alẹ́, ẹ óò rí i tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ itan, tó ń rọra pààrọ̀ ìjókòó, tí ẹnu rẹ̀ ṣì ń wí pé, "Kò sí nǹkan, ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká ṣe é lọ." Ẹ bá onílé tó súnmọ́ jù sọ̀rọ̀, kí ẹ san owó ilé ìtọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó gbé kámẹ́rà débẹ̀. Owó kékeré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ kan tó bàjẹ́.

Òtútù ló tẹ̀ lé e. Síìnì òjò tí wọ́n ń fi tánkà omi ṣe lóru burú fún un jọjọ, torí òtútù máa ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ sún kì. Ọ̀sán ni kí ẹ ti ya gbogbo ibi tí ojú rẹ̀ ti hàn. Ẹlòmíràn lè wọ irú aṣọ yẹn fún ibi tó ti kọ ẹ̀yìn. Ẹ rán aṣọ eré náà ní 2, kí tútù má gbẹ mọ́ ọn lára láàárín téèkì kan sí òmíràn. Súwẹ́tà, ìbọ̀sẹ̀ àti fíláàsì omi gbígbóná gbọ́dọ̀ wà nítòsí, kó má jẹ́ inú mọ́tò tí wọ́n tì pa.

Nígbà tó ṣì ń ṣe wákà-páàsì, síìnì 1 tàbí 2 ló ní, á sì ráyè jókòó sábẹ́ igi. Òkìkí ló ń gba ìsinmi yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè, òun ni wọ́n ń fi sílẹ̀ kẹ́yìn, tó bá sì di òru, á tún forí lé Èkó torí òde àríyá ọjọ́ kejì. Ẹyinjú rẹ̀ á wá pọ́n bíi ti ẹni tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ń ṣe. Àwọn òǹwòran á ní oògùn olóró ló ń mu. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń tètè bàjẹ́ ló fà á: nǹkan bí ọjọ́ 120 ni ti ẹlòmíràn ń lò, ti ẹni SS kì í sábà ju 10 sí 20 lọ.

Ìbẹ̀rù pé wọn ò ní pè é síṣẹ́ mọ́ ló ń jẹ́ kí òṣèré pa àìsàn náà mọ́ra. Michael J. Fox, ọmọ Kánádà, ti jẹ́ ìlúmọ̀ọ́ká òṣèré nígbà tí wọ́n sọ fún un ní 1991 pé ó ní àrùn Parkinson, tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n. Ọdún 7 ló fi bò ó mọ́lẹ̀, tó ń ṣírò àkókò oògùn mọ́ àkókò kámẹ́rà, kó tó sọ ọ́ ní gbangba ní 1998. A ò ní kí òṣèré wa sọ fún gbogbo ayé. Kó sáà sọ fún ẹni 2: ẹni tó ń kọ call sheet, ìyẹn ìwé ètò iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, àti ẹni tó ń wa mọ́tò.

Oògùn ojoojúmọ́ ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Folic acid, tó ń ran ara lọ́wọ́ láti ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun, wà níbẹ̀, hydroxyurea náà fún ẹni tí dókítà kọ ọ́ fún. Hydroxyurea yìí kì í ṣe oògùn ìrora ojú ẹsẹ̀, ó máa ń tó oṣù mélòó kan kí iṣẹ́ rẹ̀ tó hàn, ó sì gba kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń lò ó wò déédéé.

Bí ìrora bá gbé e, ẹ pa kámẹ́rà. Ẹnìkan á ní, "Ṣé kì í ṣe pé ó ń ṣeré ni?" Ẹ má dá a lóhùn. Ẹ fi nǹkan bò ó kí ara rẹ̀ móoru, ẹ fún un lómi, kó lo paracetamol 500mg hóró 2, kó má ju hóró 8 lọ láàárín wákàtí 24. Ẹ má gbé yìnyín lé e, bó ti wù kí àwọn ọmọ iṣẹ́ tètè sáré gbé e wá. Bí ara rẹ̀ bá gbóná tó 38°C, bí àyà bá ń dùn ún tí kò rí mí délẹ̀, bí ẹnu rẹ̀ bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan tàbí tó ń kólòlò lójijì, ilé ìwòsàn ni lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Láti Mọníyà, ẹ óò gba Ọ̀jọ́ọ̀ àti Bódìjà kí ẹ tó dé ilé ìwòsàn UCH. Nítorí náà, láti àárọ̀ ni kí mọ́tò kan ti kọjú sí ọ̀nà, kí ọkọ̀ jẹnẹrétọ̀ má dí i, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ awakọ̀, kí káàdì ilé ìwòsàn òṣèré náà sì wà nínú mọ́tò ọ̀hún.