Àyẹ̀wò ọdún 2025: páálí ńlá dé, géèmù dà?

Ọdún ti ń lọ sópin, mo sì ti jókòó ṣírò owó tí mo ná lórí géèmù lọ́dún yìí. Ibi tí ọ̀rọ̀ já sí ni mo máa kọ́kọ́ sọ kí n tó máa rojọ́: mi ò ní ra collector's edition kankan mọ́, ìyẹn páálí ńlá olówó gọbọi tí wọ́n máa ń kó ère, máàpù àti ìwé àwòrán sí, tí géèmù fúnra ẹ̀ ò bá sí nínú páálí. Ère ẹ̀ ì báà ga dé orúnkún, steelbook ẹ̀, ìyẹn páálí onírin tí wọ́n ń fi díìsìkì sí, ì báà máa kọ mọ̀nà, tí mi ò bá ti rí díìsìkì tàbí káàdì géèmù níbẹ̀, kí wọ́n máa gbé e lọ. Kì í ṣe pé mo kórìíra nǹkan wọ̀nyí o, mo fẹ́ràn wọn débi pé kò sí géèmù ńlá kan tó ń bọ̀ tí mi kì í kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n kó sínú páálí ńlá ẹ̀, ìfẹ́ yẹn gan-an ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà máa dùn mí.

Ẹni tí kì í gbá géèmù lè máa béèrè pé kí ló dé téèyàn á fi san ìlọ́po mẹ́ta owó géèmù nítorí páálí. Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, géèmù ò ṣeé dì mú. Èèyàn lè gbé inú ayé kan fún oṣù bíi mélòó kan, kó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ ẹ̀, kó mọ ibi tí alágbẹ̀dẹ máa ń jókòó sí, kó mọ orin tó máa ń dún tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tó bá wá pa tẹlifíṣọ̀n báyìí, kò ku nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀. Máàpù aṣọ tó ṣeé tẹ́ sórí tábìlì, ìwé àwòrán tó ń fi hàn ẹ́ bí ẹni tó ya ìlú tó ò ń rìn kiri inú ẹ̀ ṣe kọ́kọ́ rò ó, bó ṣe pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, bó ṣe yí ìkejì padà kó tó di èyí tá a wá mọ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ayé yẹn bá èèyàn jókòó nínú yàrá. Ohun tí mo máa ń tìtorí ẹ̀ fowó kún owó nìyẹn.

Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ nǹkan yìí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ó yẹ ká yìn wọ́n. Infocom ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ṣe géèmù tí ò ní àwòrán rárá, ọ̀rọ̀ lásán ni wàá máa kà tí wàá sì máa tẹ̀ ẹ́ padà, nígbà tí wọ́n ṣe Deadline ní 1982, ẹjọ́ ìpànìyàn ni wọ́n ní kéèyàn wádìí, àlàyé ẹjọ́ ọ̀hún sì pọ̀ ju ohun tí díìsìkì ìgbà yẹn lè gbà lọ. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Wọ́n kó àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá, fọ́tò ibi tí wọ́n ti rí òkú, títí kan hóró oògùn tí wọ́n ní wọ́n bá níbẹ̀ (oògùn gidi kọ́ o), gbogbo ẹ̀ sínú páálí, kí ìwọ tó o ra á fọwọ́ ara ẹ tú u wò. Feelies ni wọ́n ń pe irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1982 yẹn kan náà ni géèmù míì, Ultima II, jáde pẹ̀lú máàpù aṣọ, nígbà tó sì fi máa di 1985, Ultima IV fi ankh onírin kékeré kan (àmì bí àgbélébùú tó ní òrùka lórí) kún un, ankh yẹn sì wà nínú ìtàn géèmù náà fúnra ẹ̀, ìwọ tó ò ń gbá a lo máa rí i he nílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, tó o bá wá bojú wo ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà ẹ, òun nìyẹn lórí tábìlì. Mo fẹ́ràn ìyẹn kọjá sísọ.

Metal Gear Solid náà ní 1998, ó débì kan tí wọ́n ní kó o pe Meryl, ọ̀kan lára àwọn èèyàn inú ìtàn géèmù náà, wọn ò sì sọ nọ́ńbà ẹ̀ fún ẹ, wọ́n ní kó o lọ wo ẹ̀yìn páálí CD. Páálí tó wà lọ́wọ́ ẹ ni wọ́n ń sọ! 140.15 ló wà níbẹ̀, nínú fọ́tò kékeré kan. Ẹni tó bá yá díìsìkì lásán láì gba páálí mọ́ ọn, wàhálà ló wọ̀ yẹn. Ohun tí mo pè ní collector's edition gidi nìyẹn bí wọn ò tiẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀, torí ohun tó wà níta ń bá ohun tó wà nínú sọ̀rọ̀.

Ní ti àwọn tó dé lẹ́yìn, èmi ò lè sọ pé gbogbo wọn ló burú, irọ́ nìyẹn máa jẹ́. World of Warcraft ní 2004 ní ìwé àwòrán, máàpù aṣọ, orin, àti kóòdù tó ń jẹ́ kó o mú ọ̀kan nínú ẹran ọ̀sìn kékeré mẹ́ta táá máa tẹ̀ lé ẹ kiri. Skyrim ní 2011, $149.99, ère Alduin, dírágónì burúkú inú géèmù náà, jókòó lórí ògiri tí wọ́n kọ èdè dírágónì sí, ìwé àwòrán ńlá sì wà ńbẹ̀ tó jẹ́ pé ìwé yẹn nìkan tó owó ẹ̀ lójú mi. Èyí tó wù mí jù tiẹ̀ ni pé Witcher 3 ní 2015, àti ẹ̀dà lásán tí gbogbo èèyàn rà o, kì í ṣe ti olówó gọbọi, máàpù wà níbẹ̀, orin wà níbẹ̀, sítíkà wà níbẹ̀, ìwé kékeré tó sọ nípa ayé náà wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó fipá mú wọn.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ibi tó ti ń dunni.

Fallout 76, 2018, Power Armor Edition, $200. Akoto tó ṣeé wọ̀ wà níbẹ̀, ó sì ní ohun tó ń yí ohùn padà, wọ́n wá fi báàgì kánfáàsì kún un nínú ìkéde. Nígbà tí páálí dé ọwọ́ àwọn tó ti sanwó sílẹ̀ láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, báàgì náílọ̀n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n bá. Bethesda tó gbé géèmù náà jáde ní kò sí kánfáàsì tó, wọ́n sì kọ́kọ́ ní àwọn máa fún wọn ní 500 Atoms, owó inú géèmù, tí iye ẹ̀ ò ju $5 lọ! Ìgbà tí ariwo pọ̀ gan-an ni wọ́n tó gbà láti ṣe báàgì kánfáàsì tuntun, 2019 ló sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ àwọn èèyàn. Bẹ́ẹ̀, lórí ibi tí wọ́n ní káwọn èèyàn lọ fi ẹjọ́ sùn yẹn náà, àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀, àwọn kan ń rí orúkọ àti àdírẹ́sì ẹlòmíì. Àwọn kan ṣì ń sọ títí dòní pé ṣé nítorí báàgì lariwo ṣe pọ̀ tó yẹn. Rárá o, kì í ṣe báàgì. Àwòrán tí wọ́n fi gbowó lọ́wọ́ èèyàn ni wọ́n pa dà lẹ́yìn tí owó ti wọlé tán. Owó tá à ń san sílẹ̀ yìí dà bíi kéèyàn máa sanwó ẹja tó ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú odò.

Halo 3 Legendary ní 2007, akoto Master Chief, jagunjagun inú géèmù náà, ló wà níbẹ̀, orí èèyàn ò wọ̀ ọ́. Limited Edition ẹ̀ tó wà nínú agolo, díìsìkì ń já lára ibi tí wọ́n fi há a, ó ń ha, Microsoft ló bá wọn pààrọ̀ ẹ̀. Fallout 4 ní 2015, Pip-Boy, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ ọwọ́ nínú géèmù náà, $119.99, ó wu gbogbo èèyàn débi pé kíá ló tán, fóònù lèèyàn máa kì sínú ẹ̀ kó máa fi rí ẹrù ẹ̀ nínú géèmù lọ́wọ́, ṣùgbọ́n fóònù ńlá bíi iPhone 6 Plus ò wọ inú ẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ wá wo bí fóònù ṣe ń tóbi sí i látìgbà náà. Mass Effect Andromeda ní 2017, $200 fún ọkọ̀ kékeré tó ń fi rìmóòtù rìn, géèmù ò sí nínú ẹ̀ rárá, ẹ lọ ra tiyín lọ́tọ̀.

Cyberpunk 2077 ni mo ronú lé jù nínú oṣù tá a wà yìí, torí pé tiẹ̀ yàtọ̀. Ohun tó wà nínú páálí ẹ̀ ní 2020 dáa: ère V, ẹni tó o máa jẹ́ nínú géèmù náà, lórí ọ̀kadà, ìwé àwòrán tó nípọn, máàpù Night City, ìlú inú ẹ̀. Géèmù gan-an ni ò tíì jinná. Ó jáde lọ́jọ́ 10 oṣù December, nígbà tó fi máa di ọjọ́ 17, Sony ti yọ ọ́ kúrò nínú PlayStation Store, oṣù June 2021 ló tó padà. Ẹni tó fi $249.99 ra páálí yẹn fún PS4, ère tó rẹwà wà lórí pẹpẹ ẹ̀, géèmù ò sì ṣeé gbá lẹ́rọ ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká yan ẹnikẹ́ni jẹ. Lọ́dún yìí, nígbà tí Switch 2, ẹ̀rọ géèmù tuntun Nintendo, jáde ní June, tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń ta game-key card, ìyẹn káàdì tí géèmù ò sí lórí ẹ̀, tó kàn jẹ́ kọ́kọ́rọ́ táá ní kó o lọ dánlóòdù, àwọn tó ni Cyberpunk yìí kan náà gbé odindi géèmù wọn sórí káàdì 64GB. Odindi ẹ̀! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn látọkàn wá, torí ó fi hàn pé ó ṣeé ṣe téèyàn bá fẹ́ ṣe é.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ díìsìkì tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn. God of War Ragnarök ní 2022, collector's edition ẹ̀ $199.99, èyí tó tún ju ìyẹn lọ tí wọ́n ń pè ní Jötnar Edition $259.99, òòlù Thor wà nínú méjèèjì, steelbook wà níbẹ̀, tó o bá ṣí steelbook, òfìfo ni! Kóòdù ni wọ́n fún ẹ. Spider-Man 2 ní 2023, kóòdù. Starfield lọ́dún yẹn kan náà, $299.99, aago ọwọ́ rèǹtè-rente kan àti kóòdù, wọ́n wá fi kún un pé wàá fi ọjọ́ márùn-ún ṣáájú àwọn yòókù gbá a, èyí tó túmọ̀ sí pé àwọn yòókù ni wọ́n ní kó dúró. Mo mọ àwíjàre wọn, pé PS5 tí ò ní ojú díìsìkì wà níta, kóòdù ló máa bá gbogbo èèyàn mu. Kí wọ́n ṣe oríṣi méjì nígbà náà. Díìsìkì ṣeé yá àbúrò ẹni, ó ṣeé tà, ó ṣeé fi sílẹ̀ fọ́mọ, ṣùgbọ́n kóòdù, tó o bá ti tẹ̀ ẹ́ sínú àkáǹtì ẹ báyìí, ó parí síbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì wọn pa, ère nìkan lo ní. Àwọn tó ń ra collector's edition gan-an sì ni àwọn tó ń fẹ́ tọ́jú géèmù pamọ́, àwa la fẹ́ kó wà fún ogún ọdún sí i. Kí wọ́n wá máa ta páálí láì ní géèmù fún irú wa, kò dáa.

Ní tèmi lọ́dún yìí, èyí tí mo rà níbẹ̀rẹ̀ ọdún, kóòdù ló wà nínú ẹ̀, ọwọ́ ère ẹ̀ sì ti kán kó tó dé. Mo kọ̀wé sí àwọn tó tà á, wọ́n ní kí n ya fọ́tò, mo yà á, mo fi ránṣẹ́, látìgbà náà wọn ò fọhùn mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá jókòó wo gbogbo ohun tó wà lórí pẹpẹ mi, mo bi ara mi pé èwo ni mo fọwọ́ kàn láti January. Ìwé àwòrán ni. Máàpù ni. Orin inú géèmù, èyí tí mò ń gbọ́ tí mo bá ń ṣiṣẹ́. Àwọn ère, eruku nìkan ni mò ń nù lára wọn. Mo kó púpọ̀ nínú wọn fún àbúrò mi tó fẹ́ràn wọn ju èmi lọ, inú ẹ̀ dùn dẹ́yìn, àyè sì ṣí sílẹ̀ fún ìwé. Ọ̀kan tí mi ò jẹ́ fún ẹnikẹ́ni ni Alduin, òun dúró tì mí.

Àwọn alájàpá tó máa ń kó gbogbo ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i sílẹ̀, tí wọ́n á wá tà á ní ìlọ́po méjì nírọ̀lẹ́, mi ò ra nǹkan kan lọ́wọ́ wọn lọ́dún yìí, mi ò sì ní rà á lọ́dún tó ń bọ̀.

Wọ́n ti sún GTA VI (Grand Theft Auto) sí ọjọ́ 19 oṣù November 2026. GTA V ní 2013 ní páálí ńlá tó dáa, géèmù wà nínú ẹ̀, máàpù tó ní àṣírí wà níbẹ̀, báàgì bíi ti báńkì tó ní kọ́kọ́rọ́, àti fìlà. Tí wọ́n bá tún gbé irú ẹ̀ jáde, mo máa dúró káwọn tó kọ́kọ́ rà á tú u, kí n fojú ara mi rí ohun tó wà nínú ẹ̀, kí n tó yọ owó. Kó tó dìgbà náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní máàpù aṣọ Ultima tó ṣì mọ́, tẹ́ ẹ sì fẹ́ tà á, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi sọ̀rọ̀, mo fẹ́ rà á.