Wákàtí Tí Òkun Ń Fà Sẹ́yìn

Nígbà tí mo ń gbé Los Angeles, ìdájí ni mo máa ń wà létí òkun nígbà ooru. Ìgbà yẹn ni omi máa ń fà jù lọ, tí àwọn mussel, ẹran omi oníkarahun méjì aláwọ̀ aró, á yọ síta lórí àpáta. Ọ̀sán ti pọ́n ní Òṣogbo nígbà náà. Mọ́mì mi á pè, wọ́n á ní, "Ṣé o ò tíì sùn ni, àbí o ti jí?" Màá ní, "Mo ti jí, mà. Òkun ni mò ń dúró dè."

Ìgbà tí mo kó wá sí Seattle ni gbogbo rẹ̀ yí padà. Níhìn-ín, ọ̀sán gan-an ni omi ń fà nígbà ooru, tó sì ń fi àwọn ẹran yìí sílẹ̀ fún oòrùn. Ìyẹn ni pé àwọn tó wà ní àríwá, níbi tí atẹ́gùn ti tutù, lè gbóná ju àwọn tó wà ní gúúsù lọ. Brian Helmuth, onímọ̀ nípa ẹran òkun, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi èyí hàn ní 2002. Ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ìgbóná ni wọ́n fi sínú ohun tó jọ mussel, tí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpáta láàárín àwọn tòótọ́. Èmi náà ti lẹ irú rẹ̀ rí. Èèyàn á nu ojú àpáta gbẹ, á fi gọ́ọ̀mù sí i, á wá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi mú, kí omi tó padà dé.

Lóṣù kẹfà ọdún 2021, ooru ńlá kan dé. Ní ọjọ́ 28, Seattle gbóná tó 42°C, ọ̀sán sì ni òkun ń fà láwọn ọjọ́ yẹn. Christopher Harley ti University of British Columbia ṣírò pé ẹran omi tó kú létí òkun agbègbè yìí lé ní bílíọ̀nù kan. Mo rí wọn: ìkarahun là sílẹ̀, ẹran inú rẹ̀ ti jinná. Òórùn rẹ̀ kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Mussel kò lè sá. Ohun tó ní ni aago inú ara, èyí tó ń sọ fún un pé ọ̀sán ni tàbí òru. Ara eṣinṣin kékeré tó máa ń bà sórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Konopka àti Benzer ti kọ́kọ́ rí jíìnì aago yìí, ìyẹn ìlànà inú sẹ́ẹ̀lì tó ń darí rẹ̀, ní 1971. Jíìnì náà á máa ṣe purotéènì jọ. Bí ó bá ti pọ̀ tó, purotéènì náà á padà wá dá jíìnì tó bí i dúró. Bí ó bá túká tán, iṣẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bíi wákàtí 24 ni yíyípo kan. Àwọn tó tú iṣẹ́ rẹ̀ palẹ̀, Hall, Rosbash àti Young, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2017.

Ìwádìí tó gbé mi wọ iṣẹ́ ìwádìí mussel yìí ni ti Kwasi Connor àti Andrew Gracey, ní 2011. Lára mussel California, èèyàn á rò pé ìkún àti ìfàsẹ́yìn òkun ni jíìnì wọn á máa tẹ̀ lé. Wọ́n rí i pé ọ̀sán àti òru ni ọ̀pọ̀ jù lọ ń tẹ̀ lé. Ó wú mi lórí gan-an. Ẹran tí omi ń bò tó sì ń tú sílẹ̀ lójoojúmọ́, ilẹ̀ tó ń mọ́ ló gbájú mọ́!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú àgbàlagbà, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, irú aago bẹ́ẹ̀ wà nínú ọpọlọ yín, lókè ibi tí iṣan ojú méjèèjì ti pàdé. Sẹ́ẹ̀lì bíi 20,000 ni, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú wọlé ló sì ń tò ó. Láti 2007 ni IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, ti ka iṣẹ́ alẹ́ mọ́ ohun tó ṣeé ṣe kó máa fa jẹjẹrẹ; wọ́n tún un sọ ní 2019. Ó ń dùn mí bí wọ́n ṣe ń yí àwọn èèyàn wa láti ọ̀sán sí alẹ́, láti alẹ́ sí ọ̀sán, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Bẹ́ ẹ bá lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́, ẹ ní kí wọ́n fi yín sójú kan.

Ìmọ́lẹ̀ náà ni mò ń lé kiri báyìí. Bí ooru bá mú mussel, ó máa ń ṣe purotéènì tó ń tún èyí tí ooru bàjẹ́ ṣe, iṣẹ́ yẹn sì ń jẹ agbára rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá àwọn tó wà lábẹ́ iná èbúté, tí òru wọn kò ṣókùnkùn mọ́, ṣì lè múra sílẹ̀ de ooru ọ̀sán ọjọ́ kejì.